Ìkòkò Tí A Kò Fi Se Ìgbín Rí

Ọkà láfún ti gbẹ mọ́ ìka ọwọ́ ọ̀tún òkú náà, ṣùgbọ́n kò sí abọ́ oúnjẹ kankan nínú yàrá.

Ohun tó gba Ìnsípẹ́kítọ̀ Fọlábí lọ́kàn nìyẹn láti ìgbà tó ti wọlé. Àwọn yòókù ń wo orí Bàbá Dàda tó fọ́ látẹ̀yìn, wọ́n ń wo ọmọ ọlọ tí ẹ̀jẹ̀ gbẹ mọ́ lára lẹ́bàá ògiri, wọ́n ń pòṣé, wọ́n ń mirí. Òun lóṣòó sílẹ̀, ó ń wo ìka márùn-ún. Kọ́púrù Japheth, tó ti ń bá a ṣiṣẹ́ bọ̀ láti ọdún mẹ́rin, mọ̀ pé bí ọ̀gá òun bá ti ń wo ohun tí ẹlòmíràn kò wò, kí ènìyàn yáa pa ẹnu mọ́.

“Japheth, kí lo rí?”

“Ọ̀gá, baba ń jẹun lọ́wọ́ ni wọ́n fi pa á.”

“Oúnjẹ ọ̀hún dà?”

Japheth wo ìdí ààrò, ó wo abẹ́ àpótí ìjókòó, ó wo ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Ìkòkò kan ṣoṣo tí baba náà ní dojú dé lórí ààrò. Òjò ti jò sínú eérú abẹ́ rẹ̀, eérú náà ti di pọ̀tọ̀pọ́tọ̀. Abọ́ rẹ̀ méjèèjì wà lórí pẹpẹ, wọ́n mọ́, wọ́n sì gbẹ. Kò sí ẹni tó dáná nínú ilé yẹn lánàá.

“Olè a máa gbé owó, a máa gbé aṣọ,” ni Fọlábí wí. “Apànìyàn tó bá dúró palẹ̀ abọ́ ọbẹ̀ mọ́, abọ́ yẹn ní ohun tí ì bá sọ fún wa.” Ó dìde, ó gbọn eruku kúrò lórúnkún, ó ní kí wọ́n gbé òkú lọ sí ọsibítù.

Inú oṣù Òkúdù ọdún 1971 ni, ní Ìdí-Afọ̀n, ìlú kékeré kan tí ọ̀nà rẹ̀ yà kúrò lára ọ̀nà Ìdèrè sí Ìgbó-Ọrà, tí ó sì wọ inú oko ẹ̀gẹ́ lọ. Ọba Abíọ́nà ti wàjà láti oṣù mẹ́rin. Ọmọkùnrin méjì péré ló fi sáyé. Akínladé ni ọmọ olorì, ẹni tí wọ́n san owó orí rẹ̀ pé pérépéré. Ó ń ra tábà lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀, ó ní ọkọ̀ akẹ́rù méjì, ẹnu rẹ̀ sì gùn ju méjèèjì lọ. Babáwálé ni èkejì, tíṣà jẹ́jẹ́ kan tí kì í bá ènìyàn jà. Ìyá rẹ̀, Rebecca, ọmọ olùkọ́ ìjọ kan ní Ìdèrè, kò wọ ilé Abíọ́nà gẹ́gẹ́ bí ìyàwó rí, nítorí baba rẹ̀ fàáké kọ́rí pé ọmọ òun kò ní ṣe ìyàwó kejì fún abọ̀rìṣà, bó ti wù kó jẹ́ ọmọ ọba tó. Nítorí náà, ìta ni wọ́n bí Babáwálé sí. Àwọn tí ẹnu wọn kò ní ìjánu a máa pè é ní ọmọ àlè, wọ́n á sì máa rò pé kò gbọ́.

Ṣùgbọ́n ní Ìdí-Afọ̀n, kì í ṣe owó orí ni wọ́n fi ń mọ ọmọ ọba. Ilà ni. Bí baba bá gbé ọmọ lé itan ara rẹ̀ ní ọjọ́ kẹjọ, tó ní ẹ̀jẹ̀ òun ni, tí olóòlà sì kọ ilà ìdílé ọba sí i lójú níbẹ̀, ẹnikẹ́ni kò ní béèrè ilé tí wọ́n bí i sí. Ẹlẹ́rìí kan ṣoṣo tí ìlú sì gbà ni olóòlà tó di abẹ mú. Bàbá Dàda ló di abẹ mú lọ́jọ́ náà lọ́hùn-ún, ní ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n sẹ́yìn, kí ojú rẹ̀ tó fọ́. Ọjọ́ Ẹtì ni àwọn afọbajẹ fẹ́ pè é síta kó wá wí tẹnu rẹ̀. Òwúrọ̀ Ọjọ́bọ̀ ni aládùúgbò rẹ̀ bá a nílẹ̀.

Kò sí ẹni tó ronú lẹ́ẹ̀mejì. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, Akínladé ti dúró níwájú ilé afọ́jú náà, ó ti fi ohùn rara sọ pé ẹnu tó bá là lọ́jọ́ Ẹtì, òun yóò pa á dé. Kí oòrùn Ọjọ́bọ̀ tó mú, ó ti wà nínú àtìmọ́lé, ọ̀gá Fọlábí sì ti ránṣẹ́ pé kí ó kọ ìwé ẹjọ́ rẹ̀ kíá, kí àwọn gbé e lọ sí kóòtù.

*

Akínladé kò bẹ̀bẹ̀. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì àgọ́ ọlọ́pàá bí ẹni tó wà lórí ìtẹ́, ó ń ka ohun tí òun yóò ṣe fún gbogbo wọn nígbà tí òun bá jáde. Fọlábí jẹ́ kó sọ̀rọ̀ tán. Ó wá béèrè ibi tó wà ní ọ̀sán Ọjọ́rú. Ọkùnrin náà ní òun wà lóko tábà, àwọn lébìrà òun sì wà níbẹ̀. Lébìrà tó ń gba owó lọ́wọ́ rẹ̀ kì í ṣe ẹlẹ́rìí gidi, òun náà sì mọ̀ bẹ́ẹ̀.

“Ìnsípẹ́kítọ̀, ẹ gbọ́,” ni ó wí nígbẹ̀yìn, ohùn rẹ̀ sì ti rẹlẹ̀ díẹ̀. “Wọ́n ní ó ń jẹun ni. Ṣé ọwọ́ mi ni Dàda yóò ti gba oúnjẹ? Nígbà tí mo gbéyàwó, tí odidi ìlú ń jẹ tí wọ́n ń mu, baba yẹn kò fi ẹnu kan ohunkóhun nílé wa. Kì í jẹ níbikíbi. Ẹ lọ bi àwọn obìnrin àdúgbò rẹ̀.” Ó tún fi kún un pé bí wọ́n bá ń wá ẹni tí kò ní ìtìjú, kí wọ́n lọ wo ilé ọmọ àlè.

Ọ̀rọ̀ yẹn gún Fọlábí. Ìta ni wọ́n bí òun náà sí, ní Èrúwà; orúkọ baba ìyá rẹ̀ ló ń jẹ́ títí di òní, nítorí ẹni tó ni oyún rẹ̀ kò yọjú. Ó kórìíra ọkùnrin tó jókòó níwájú rẹ̀ yìí pátápátá, inú rẹ̀ ì bá sì dùn bí ó bá jẹ̀bi. Ṣùgbọ́n ìkórìíra kì í ṣe ẹ̀rí, ọ̀rọ̀ tí Akínladé sọ nípa oúnjẹ sì bá ohun tó wà lọ́kàn òun fúnra rẹ̀ mu.

Japheth ní bóyá baba náà ra ọkà jẹ ni. Ó lọ bá àwọn olóńjẹ méjèèjì tó wà nílùú. Àwọn méjèèjì fi í rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní láti ìgbà tí àwọn ti ń tà, Bàbá Dàda kò ra ohun tó tó ìka jẹ lọ́wọ́ àwọn rí. Ọ̀nà yẹn dí.

*

Sàrátù, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Ìyá Sàlámì, ló rí òkú. Ojú rẹ̀ ti wú fún ẹkún. Ó ní òun a máa fún baba náà ní iṣu, òun a máa fún un ní gààrí, ṣùgbọ́n tútù ni; baba náà fúnra rẹ̀ ló ń táràrà dáná rẹ̀ láti ọdún mẹ́sàn-án tí ìyàwó rẹ̀ ti kú. Lánàá, ọjọ́ ọjà ni, òjò sì tún rọ̀. Kò sí ẹnikẹ́ni nílé tó lè sọ pé òun rí ẹni tó wọlé.

“Kí ló dé tí kì í jẹ oúnjẹ ẹlòmíràn?” ni Fọlábí béèrè.

“Nítorí ìgbín ni, ọmọ mi. Ìran olóòlà kì í jẹ ìgbín. Omi ara rẹ̀ ni wọ́n fi ń tu ojú ọgbẹ́ ọmọ. Ẹni tó ń bá ọ ṣiṣẹ́, o kì í pa á jẹ. Kì í wá ṣe ẹran rẹ̀ nìkan o. Ìkòkò tí wọ́n bá ti fi se ìgbín lẹ́ẹ̀kan péré, bí wọ́n fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹwàá, kò ní jẹ ohun tó ti inú rẹ̀ jáde. Wọ́n ní ó ń pa wọ́n.”

Fọlábí wo ẹ̀yìnkùlé obìnrin náà. Ìkarahun ìgbín wà káàkiri ìdí ògiri, bó ti wà ní gbogbo ẹ̀yìnkùlé Ìdí-Afọ̀n nígbà òjò. Ó béèrè bóyá ìyàwó kankan, tàbí ọmọ, tàbí ìbátan baba náà ṣì kù tó ń pa èèwọ̀ yìí mọ́.

“Kò bímọ. Ìran wọn parí sórí rẹ̀. Irú ìkòkò bẹ́ẹ̀ kò sí nílùú yìí mọ́.”

“Ó wà, màmá,” ni Fọlábí wí. “Bàbá Dàda jẹun inú rẹ̀ lánàá.”

Bí wọ́n ti ń rìn lọ, Japheth ń ro ọ̀rọ̀ náà sókè sódò. Obìnrin kan gbé ọkà wá. Obìnrin náà sọ fún afọ́jú pé ìkòkò òun mọ́, afọ́jú náà sì gbà á gbọ́ débi pé ó fi ẹ̀mí ara rẹ̀ lé e. Ó ní bóyá Akínladé ló rán an. Fọlábí ní ó ṣeé ṣe, ṣùgbọ́n ẹni tí a rán níṣẹ́ kì í gbé abọ́ padà sílé. Á jù ú sódò ni, á sì gbàgbé rẹ̀. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹẹ́fà, ó ju eéje lọ.

*

Ilé-ìwé ti túká nígbà tí wọ́n dé ọ̀dọ̀ Babáwálé. Òun nìkan ló jókòó nínú kíláàsì, ìwé ọmọ kan ṣí síwájú rẹ̀, kò sì kà á. Ilà ọba tó wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ rẹwà, ó tẹ́jú, ó gún régé. Wọn a máa sọ nílùú pé kò sí èyí tí Dàda kọ tó dára tó o. Ó kí àwọn ọlọ́pàá pẹ̀lú ìdọ̀bálẹ̀, ó sì fún wọn ní àga.

Ó ní bí òun bá ń kọjá níwájú ilé Bàbá Dàda, baba náà a máa mọ ẹsẹ̀ òun, a sì pe òun mọ́ra, a fi ìka tọ ilà ojú òun láti òkè dé ìsàlẹ̀, a ní òun ń wò ó bóyá iṣẹ́ òun ṣì wà níbẹ̀. Gbogbo ènìyàn ló ń fi rẹ́rìn-ín. Òun náà a máa rẹ́rìn-ín.

“Tíṣà,” ni Fọlábí wí, “ẹ̀yin ni ikú yìí dùn jù, àbí? Ẹlẹ́rìí yín ló lọ.”

Babáwálé pa ìwé tó wà níwájú rẹ̀ dé. “Ọ̀gá, wọ́n rò pé adé ni mò ń wá. Bí wọ́n bá gbé e fún Akínladé, n kò ní jà. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí mo ti gbọ́n ni mo ti ń rí i lójú àwọn ènìyàn. Mo ń kọ́ ọmọ wọn, wọ́n ń kí mi, wọ́n ṣì ń wò mí bẹ́ẹ̀. Mo kàn fẹ́ kí ẹnìkan dìde níṣojú gbogbo wọn kó wí pé ọmọ Abíọ́nà ni mí. Lẹ́ẹ̀kan péré. Kí n lè jókòó láàárín ìlú bí ènìyàn.”

Fọlábí mọ ohun tó ń sọ débi pé kò lè wò ó lójú.

Ibẹ̀ ni ìyá akẹ́kọ̀ọ́ kan ti gbé agbọ̀n kékeré wọlé, ìgbín ńláńlá mẹ́jọ ló wà nínú rẹ̀, ó ní kí tíṣà fi jẹun. Babáwálé dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ dáadáa. Bí obìnrin náà ti jáde tán, ó ti agbọ̀n náà síwájú Japheth, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́.

“Kọ́púrù, ẹ bá mi gbé e fún ìyàwó yín. Kì í wọ ilé wa. Màmá mi ní mo fẹ́rẹ̀ẹ́ kú sí i nígbà tí mo wà lọ́mọ ọwọ́. Kódà, ìkòkò tí wọ́n bá ti fi sè é, wọn kì í jẹ́ kó wọlé.”

Japheth na ọwọ́ sí agbọ̀n náà, ọwọ́ rẹ̀ sì dúró lójú ọ̀nà. Ó wo ọ̀gá rẹ̀. Ojú Fọlábí kò yí padà rárá.

“Ọ̀dọ̀ Màmá lẹ ti ń jẹun títí di ìsinsìnyí?”

“Títí di òní, sà. N kò tíì fẹ́yàwó. Ta ni yóò fi ọmọ rẹ̀ fún mi kí ọ̀rọ̀ yìí tó yanjú?”

“Ọba Abíọ́nà ńkọ́? Ṣé kì í jẹ ìgbín?”

“Ó ń jẹ ẹ́ o, ààyò oúnjẹ rẹ̀ ni,” ni Babáwálé wí, inú rẹ̀ sì dùn láti sọ ohun kan tó mọ̀ nípa baba rẹ̀.

*

Abẹ́ igi afọ̀n ńlá tó wà lẹ́bàá ọ̀nà ni Fọlábí ti dúró. Ó ti ń ṣe iṣẹ́ yìí bọ̀ fún ọdún mọ́kàndínlógún, kò sì tíì rí ẹ̀rí tó wù ú láti jù nù tó èyí.

Japheth gbìyànjú. Ó ní ara ènìyàn púpọ̀ ni kò gba ìgbín. Àbúrò òun kan wà tí ara rẹ̀ máa ń lé bó bá jẹ edé.

“Àbúrò rẹ kì í jẹ edé,” ni Fọlábí dáhùn. “Ṣé ó ń béèrè ohun tí wọ́n ti sè nínú ìkòkò yín kó tó bù ú jẹ? Ara kì í mọ ìkòkò, Japheth. Èèwọ̀ ló ń mọ ìkòkò. Obìnrin lè parọ́ fún ọmọ ọba. Ó lè parọ́ fún baba tó bí i lọ́mọ, ó lè parọ́ nínú ṣọ́ọ̀ṣì. Èèwọ̀ baba ọmọ ni kò ní fi ọmọ rẹ̀ dán wò láé, nítorí bí òun bá parọ́, ọmọ ni yóò kú sí i. Ó tan gbogbo ayé, kò lè tan ìkòkò ara rẹ̀.”

Japheth gbé agbọ̀n ìgbín náà kalẹ̀ sẹ́bàá ọ̀nà. Ó ní kò wu òun jẹ mọ́.

Ṣùgbọ́n ohun kan ṣì ṣókùnkùn sí Fọlábí: kí ni Dàda fẹ́ sọ lọ́jọ́ Ẹtì? Ó lọ bá Jagun, olórí àwọn afọbajẹ. Àgbàlagbà náà kọ̀ láti sọ̀rọ̀, ó ní ohun tí ẹlẹ́rìí bá sọ, inú àwọn ló ń gbé títí di ọjọ́ tí ìlú bá péjọ. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn ti bá a níbẹ̀. Fọlábí ní ẹlẹ́rìí ti kú, ẹlòmíràn sì lè kú sí i. Jagun mí kanlẹ̀.

Ó ní Dàda ti wá sọ́dọ̀ òun láti ọjọ́ Ajé, ní ìkọ̀kọ̀. Dàda ní ara òun kò le, kí òun má bàa kú kí ọjọ́ tó pé. Ó gbé abẹ rẹ̀ sẹ́nu, ó fi búra níwájú òun pé ọmọ Abíọ́nà ni Babáwálé, kì í ṣe ọmọ ẹlòmíràn.

“Olóòlà ni,” ni Jagun wí. “Inú irin ni wọ́n bí wọn sí. Bí irú wọn bá fi irin búra èké, irin á pa wọ́n, kò sí ètùtù rẹ̀. Nítorí náà ni mo ṣe gbà á gbọ́. Ọ̀rọ̀ ti parí lọ́dọ̀ wa láti ọjọ́ Ajé. Babáwálé ni.”

Fọlábí dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ wúwo bó ti ń jáde.

*

Ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì ni ilé Rebecca wà. Ó ń jọ láfún lórí àtẹ nígbà tí wọ́n wọlé, irun orí rẹ̀ funfun pẹ̀lú ìyẹ̀fun. Ó wo àwọn ọkùnrin méjèèjì, ó wo Fọlábí tó ń wo pẹpẹ ìkòkò rẹ̀, ó sì gbé ajọ̀ sílẹ̀.

“Màmá,” ni Fọlábí wí, “èwo nínú wọn lẹ fi se ọbẹ̀ Bàbá Dàda?”

Obìnrin mìíràn ì bá búra, ì bá pariwo. Rebecca kàn wo ọwọ́ ara rẹ̀. “Ó pẹ́ tí mo ti ń retí ẹni tó máa béèrè nípa ìkòkò,” ni ó wí. “Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n. N kò mọ̀ pé ọlọ́pàá ni yóò jẹ́.”

Ó sọ gbogbo rẹ̀ láìsunkún. Ọmọge tó ń kiri ẹ̀kọ wá láti Ìdèrè ni òun, Dàda sì jẹ́ ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń gba ẹ̀kọ lọ́wọ́ òun lójoojúmọ́. Oyún ti dúró kí Abíọ́nà ọmọ ọba tó rí òun, òun kò sì sọ. Abíọ́nà ṣẹ̀ṣẹ̀ sin baba rẹ̀. Inú rẹ̀ dùn sí ọmọkùnrin náà débi pé ó sọ ọ́ ní Babáwálé. Ní ọjọ́ kẹjọ, Dàda ni wọ́n ránṣẹ́ pè. Ó ka oṣù lọ́wọ́, ó wo òun, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ilà ẹlòmíràn sí ọmọ rẹ̀ lójú. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ohun kan ṣoṣo tó sọ fún òun nígbà tó ń kó abẹ rẹ̀ jọ ni pé kí ọmọ náà má ṣe jẹ ìgbín.

“Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ó ránṣẹ́ sí mi. Ó ní ikú òun ti dé tán, òun fẹ́ sọ òtítọ́ fún ọmọ náà kí òun tó lọ. Ó ní kó pe òun ní baba. Mo ní kó dúró kí ọjọ́ Ẹtì kọjá. Ó ní òun kò mọ̀ bóyá òun yóò rí ọjọ́ Ẹtì. Mo ro ọkà, mo gbé e lọ láti fi bẹ̀ ẹ́. Ó ń jẹ, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ní ọwọ́ mi kò yí padà. Mo wà lẹ́yìn rẹ̀. Mo fi ojú inú rí ọmọ mi lọ́jọ́ Ẹtì, tí wọ́n ń lé e jáde láàárín ìlú bí ajá. Ọmọ ọlọ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.”

Abọ́ ọkà náà, èyí tí wọ́n fi ta á lọ́rẹ ní ṣọ́ọ̀ṣì ni. Orúkọ Rebecca wà lábẹ́ rẹ̀. Ìdí nìyẹn tó fi gbé e padà.

Ó wá kúnlẹ̀, àgbàlagbà obìnrin, lórí láfún tó dà sílẹ̀. Ó ní kí Fọlábí kọ ọ́ pé ìjà ló bẹ́ sílẹ̀ láàárín àwọn. Kí ó kọ ohunkóhun tó bá wù ú. Kí wọ́n so òun kọ́, ṣùgbọ́n kí ọmọ òun máa jẹ́ ọmọ ẹni tó ń jẹ́.

Fọlábí rò ó. Kí Ọlọ́run má ka á sí i lọ́rùn, ó rò ó dáadáa. Ṣùgbọ́n ta ni yóò gbà pé ìyá pa ẹlẹ́rìí kan ṣoṣo tí ọmọ rẹ̀ ní nítorí ìjà? Wọ́n á ní ó ń darúgbó, pé ọlọ́pàá ló fipá mú un sọ̀rọ̀, wọ́n á sì so Akínladé rọ̀. Bí kò bá sí ìdí, kò sí ẹjọ́. Ìdí náà sì nìyí.

“Kí ni ì bá sọ lọ́jọ́ Ẹtì?” ni Rebecca béèrè lójijì. “Ẹ ti bá Jagun sọ̀rọ̀. Ṣé ó ti sọ fún wọn?”

Ó yẹ kí Fọlábí parọ́. Títí di òní ni ó ń sọ fún ara rẹ̀ pé ó yẹ kí òun parọ́. “Ó ti búra lọ́jọ́ Ajé, màmá. Ó gbé abẹ sẹ́nu. Ó ní ọmọ Abíọ́nà ni.”

Ẹnu obìnrin náà là díẹ̀.

“Abẹ?” ni ó wí. “Ó fi abẹ búra?” Ó tún ní, “Ó sọ ohun tó fẹ́ bá ọmọ rẹ̀ sọ fún mi. Èmi ni n kò bi í léèrè ohun tí yóò sọ fún ìlú.” Nígbà náà ló wá sunkún, Japheth sì jáde síta.

*

Fọlábí fúnra rẹ̀ ló sọ fún Babáwálé, nínú kíláàsì kan náà, kí oòrùn tó wọ̀. Kò mọ ọ̀nà tó dára tí wọ́n ń gbà sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, nítorí náà ó sọ ọ́ tààrà. Tíṣà náà kò pariwo. Ó gbé ọwọ́ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀, ó sì tètè gbé e kúrò bí ẹni tó fọwọ́ kan iná. Ìbéèrè kan péré ló béèrè.

“Nígbà tó ń kọ ọ́ sí mi lójú, ṣé ó mọ̀?”

“Ó mọ̀.”

Tíṣà náà kó ìwé àwọn ọmọ jọ, ó sì ti ilẹ̀kùn kíláàsì.

Ní ọjọ́ Ẹtì, Jagun dìde, ó ní ilà ń jẹ́rìí sí ẹ̀jẹ̀ ni, kò lè dípò ẹ̀jẹ̀, ìbúra Dàda sì ti bà jẹ́. Kò pẹ́ tó àkókò tí àgbàdo fi ń jiná lórí iná tí wọ́n fi mú Akínladé ní ọba. Ọkùnrin náà kò dúpẹ́ lọ́wọ́ ọlọ́pàá tó yọ ọ́. Ó ní òun ti sọ bẹ́ẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ọ̀sán ọjọ́ kejì ni wọ́n fẹ́ gbé Rebecca lọ sí Ìbàdàn. Babáwálé wá sí àgọ́ ọlọ́pàá pẹ̀lú aṣọ méjì àti Bíbélì ìyá rẹ̀ lábẹ́ apá. Àwọn ènìyàn tó wà lójú ọ̀nà yà fún un ju bó ti yẹ lọ. Kọ́ńsítébù tó jókòó sí kántà jẹ́ àlejò, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti Ìbàdàn láàárọ̀ ọjọ́ náà ni. Kò mọ nǹkan kan nípa ìlú, ó sì ń fi ọ̀wọ̀ ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Ó ṣí ìwé àwọn tó ń wá rí ẹni àtìmọ́lé. Ó kọ orúkọ, ó kọ iṣẹ́, ó kọ àdúgbò. Ó ti bíìrò rẹ̀ bọ inú ìlà tó kàn.

“Orúkọ bàbá yín ńkọ́, sà?”

Babáwálé ya ẹnu. Kò sí ohun tó jáde. Ó yíjú sí Fọlábí tó dúró lẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì rẹ̀, ó ń wò ó bí ọmọ ilé-ìwé tí wọ́n pè síwájú pátákó, tó ti gbàgbé ohun tó kọ́. Fọlábí tó rí ìdí ikú Dàda nínú abọ́ tí kò sí níbẹ̀ wá ọ̀rọ̀ títí, kò rí i.

“Kọ orúkọ ìyá rẹ̀ síbẹ̀,” ni ó wí nígbẹ̀yìn.

Kọ́ńsítébù náà fi ojú wá orí ìwé náà láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ó ṣí ojú ewé kejì, ó tún padà.

“Ọ̀gá,” ni ó wí, “kò sí àyè ìyá nínú ìwé yìí.”